Bí Ó Ti Yẹ Kí Ìjọ Kristi Máa Yan Àwọn Alàgbà Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní gbangba fún àwọn ọmọ ìjọ ní Sùúrùlérè, Èkó



Ọ̀rọ̀ tí a fi lé mi lọ́wọ́ láti bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ titun. Ó ti wà láti ìgbà àwọn Àpọ́sítélì wá. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ìjọ púpọ̀ kì í rántí àfi ní ọjọ́ tí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀. Bí òrùlé ilé Ọlọ́run bá ń jò, ojú gbogbo wa ni yóò rí i, a ó sì dá owó páànù. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹni tí kò yẹ jẹ alàgbà, ó lè tó ọdún mélòó kan kí a tó mọ̀. Nígbà tí a bá sì mọ̀, àwọn aláìlera ti fi ìjọ sílẹ̀, ìṣirò owó ti dàrú, orúkọ Olúwa sì ti di ohun ẹ̀gàn lẹ́nu àwọn ará òde.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ kókó ọ̀rọ̀ mi ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí oorun bá gbé lọ lè rí ohun mú lọ sílé. Kókó náà nìyí: dídìbò kọ́ ni ìpìlẹ̀ yíyan alàgbà, bẹ́ẹ̀ ni gbígbé ọwọ́ lé e lórí kọ́, mímọ̀ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ìjọ tí kò mọ àwọn ènìyàn rẹ̀ lè fi oyè dá ènìyàn lọ́lá, ṣùgbọ́n kò lè yan alàgbà. Ní Sùúrùlérè yìí, àti ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, Yábàá àti Muṣin tí ó yí wa ká, mímọ̀ yìí gan-an ni ohun tí ó ṣòro jù lọ fún wa.

ÈKÍNÍ: ORÚKỌ ALÀGBÀ ÀTI IṢẸ́ RẸ̀

Nínú Májẹ̀mú Titun ti èdè Gíríìkì, ọ̀rọ̀ kan wà tí í ṣe presbuteros. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ kò ju àgbàlagbà lọ. “Alàgbà” ni ọ̀rọ̀ tí Bíbélì wa fi dúró fún un. Ọ̀rọ̀ náà dára, nítorí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tí àgbà jẹ́ ní ilé àti ní ìlú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó dára lè tan ni jẹ. Bí a bá gbọ́ “alàgbà,” ohun tí ojú inú wa a máa rí ni agbádá, fìlà, àga iwájú, àti ẹni tí a ń dọ̀bálẹ̀ fún. Ohun tí àwọn Àpọ́sítélì rí kọ́ nìyí.

Ẹ wo orí ogún ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì. Lúùkù sọ pé Pọ́ọ̀lù ránṣẹ́ láti Mílétù sí Éfésù, ó sì pe àwọn alàgbà ìjọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń bá àwọn ọkùnrin kan náà sọ̀rọ̀, alábòójútó ni ó pè wọ́n, àwọn tí ń ṣọ́ agbo. Orúkọ kan fi ọlá hàn, èkejì fi iṣẹ́ hàn. Ènìyàn kan náà ni ó sì ń jẹ́ méjèèjì. Ní òpin ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó rán wọn létí pé òun kò ṣe ojúkòkòrò sí fàdákà tàbí wúrà tàbí aṣọ ẹnikẹ́ni, àti pé ọwọ́ òun ni òun fi ṣiṣẹ́ jẹun. Pétérù pẹ̀lú, nínú orí karùn-ún Ìwé rẹ̀ Kìn-ín-ní, kìlọ̀ fún àwọn alàgbà pé kí wọn má ṣe tọ́jú agbo nítorí èrè, kí wọn má sì sọ ara wọn di olúwa lórí rẹ̀.

Àwọn baba wa sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Ẹ kíyèsí i pé òwe náà kò bèèrè iye ẹṣin tí àgbà náà ní, kò sì bèèrè ibi tí ó jókòó sí nínú ọjà. Orí ọmọ ni ó ń bèèrè. Bí orí ọmọ bá wọ́ lójú àgbà, àgbà náà kò sí lọ́jà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ènìyàn rí i níbẹ̀. Ọjọ́ orí pẹ̀lú a máa ran alàgbà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kì í sọ ènìyàn di alàgbà. Tímótì jẹ́ ọ̀dọ́, Pọ́ọ̀lù sì kọ̀wé sí i pé kí ó má ṣe jẹ́ kí a gan ìgbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ àpẹẹrẹ.

ÈKEJÌ: ÀPẸẸRẸ INÚ ÌWÉ MÍMỌ́

Àpẹẹrẹ mẹ́ta ni èmi yóò mú wá, kí ẹ lè rí i pé mímọ̀ ni ó ń ṣáájú ní gbogbo ìgbà.

Àkọ́kọ́ ni ti Mósè. Nínú orí kìn-ín-ní ìwé Diutarónómì, nígbà tí ẹrù àwọn ènìyàn wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù, kò jókòó sínú àgọ́ rẹ̀ kí ó máa kọ orúkọ àwọn tí ó wù ú sílẹ̀. Ó ní kí àwọn ẹ̀yà mú àwọn ọlọ́gbọ́n wá, àwọn tí a mọ̀ láàrin wọn. Òun yóò sì fi wọ́n ṣe olórí. Àwọn ènìyàn ni ó mọ̀, àwọn ni ó mú wá. Mósè ni ó fi wọ́n sí ipò. Kò sí ìhà kan tí ó gba iṣẹ́ ìhà kejì. Jẹ́tírò àna rẹ̀ ti sọ irú ẹni tí yóò jẹ́ fún un tẹ́lẹ̀, nínú orí kejìdínlógún ìwé Ẹ́kísódù: ẹni tí ó tó gbangba sùn lọ́yẹ́, tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run, tí ó jẹ́ olóòótọ́, tí ó sì kórìíra ojúkòkòrò. Kì í ṣe ẹni tí kò tíì rí owó kó jẹ, bí kò ṣe ẹni tí ó kórìíra rẹ̀.

Èkejì ni ti Màtíásì, nínú orí kìn-ín-ní Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì. Àwọn ènìyàn a máa rántí pé ìbò ni a ṣẹ́ tí ó fi mú Màtíásì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ìbò tó dé, Pétérù ti fi òfin kan lélẹ̀: ẹni náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó ti ń bá wọn rìn ní gbogbo ìgbà tí Olúwa ń wọlé tí ó ń jáde láàrin wọn, láti ìgbà ìtẹ̀bọmi Jòhánù wá. Òfin yìí ni ó mú kí ó ku ènìyàn méjì péré. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbàdúrà, lẹ́yìn àdúrà ni ìbò. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣẹ́ ìbò láàrin àwọn tí kò bá rìn rí kò tẹ̀lé Màtíásì. Ó ń ta ayò ni.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn méje, nínú orí kẹfà ìwé kan náà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ni pe àwọn wọ̀nyí ní díákónì, wọn kò pè wọ́n ní alàgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a gbà yàn wọ́n ni a ń wò. Kíkùn ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn Júù tí ń sọ èdè Gíríìkì ń kùn pé a kò ka àwọn opó wọn sí nígbà tí a bá ń pín oúnjẹ ojoojúmọ́. Àwọn Àpọ́sítélì kò pa kíkùn náà mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n pe gbogbo ìjọ jọ, wọ́n ní kí wọn wá ọkùnrin méje tí a jẹ́rìí wọn ní rere láàrin ara wọn, tí ó kún fún Ẹ̀mí àti ọgbọ́n. Ìjọ yàn wọ́n, àwọn Àpọ́sítélì gbàdúrà, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé wọn. Bí ẹ bá ka orúkọ àwọn méjèèje, láti orí Stéfánù dé orí Níkólà ará Áńtíókù, ẹ ó rí i pé orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn. Ó dà bí ẹni pé ìjọ fi oúnjẹ lé àwọn tí a ti ń fi oúnjẹ rẹ́ jẹ lọ́wọ́. Ìjọ mélòó ní Èkó ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀?

Láti inú irú ìrírí báyìí ni ìlànà orí kẹta Tímótì Kìn-ín-ní ti wá. Ẹ bá mi wò ó bí ẹni ń wo ilẹ̀kùn. Pọ́ọ̀lù ní kí a wo ilé ẹni náà, bí ó ti ń ṣàkóso rẹ̀. Ó ní kí a wo òde, kí ó ní ẹ̀rí rere lọ́dọ̀ àwọn tí kì í ṣe onígbàgbọ́. Ó ní kí ó má ṣe jẹ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́, kí ìgbéraga má bàa gbé e ṣubú. Ní ti àwọn díákónì, ó ní kí a kọ́kọ́ dán wọn wò. Nínú orí karùn-ún, ó tún kìlọ̀ fún Tímótì pé kí ó má ṣe fi ìkánjú gbé ọwọ́ lé ẹnikẹ́ni. Kò sí èyí tí a lè mọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan nínú gbogbo ohun wọ̀nyí.

Ẹ̀KẸTA: ẸLẸ́RÌÍ MÉJÌ LÁTI INÚ ÌJỌ ÀTIJỌ́

Ní nǹkan bí ọdún 96, Klementi ti Róòmù kọ ìwé gígùn sí ìjọ Kọ́ríńtì. Ohun tí ó fà á ni pé àwọn kan níbẹ̀ ti dìde sí àwọn alàgbà wọn, wọ́n sì lé wọn kúrò láìsí ẹ̀ṣẹ̀ tí a rí mú dání. Klementi sọ fún wọn pé àwọn tí a ti fi ìfohùnṣọ̀kan gbogbo ìjọ yàn, tí wọ́n sì ti sìn láìlẹ́bi, kò tọ́ kí a yọ wọ́n. Ọ̀nà méjì ni ìkìlọ̀ yìí ń gbà bá wa wí. Ó bá àwọn tí ń fi alàgbà jẹ láìbi ìjọ wí. Ó sì bá ìjọ tí ń fi ìbínú yọ alàgbà wí.

Ẹlẹ́rìí kejì jẹ́ ará Áfíríkà bíi tiwa, Kípríánì, bíṣọ́ọ̀bù Kátéèjì, tí a bẹ́ lórí nítorí ìgbàgbọ́ ní ọdún 258. Nínú ìwé kan tí òun àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ sí àwọn ìjọ Sípéènì nítorí àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí ó ṣubú, ó kọ́ wọn pé ojú gbogbo ènìyàn ni kí a ti máa yan ẹni tí yóò darí ìjọ, nítorí àwọn ènìyàn ni ó mọ ìgbé-ayé olúkúlùkù, àwọn ni ó sì ti rí ìṣe rẹ̀ láàrin wọn. Ìdí tí ó fi lélẹ̀ ni kí ẹ dì mú. Kò ní kí a bi ìjọ nítorí pé ó fẹ́ràn ariwo, tàbí kí inú wọn má bàa bàjẹ́. Ó ní kí a bi wọ́n nítorí pé wọ́n mọ̀.

Ẹ̀yin ará mi, bí àwọn náà kò bá wá mọ̀ ńkọ́?

Ẹ̀KẸRIN: ÌJỌ ÀWỌN TÍ Ó ṢÍ WÁ

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Apá Èkó yìí ti gba àwọn tí a ṣí nípò ju ìgbà kan lọ. Ní oṣù Ọ́kítóbà ọdún 1867, a lé àwọn òyìnbó oníwàásù jáde ní Abẹ́òkúta, a sì ba ilé ìsìn jẹ́. Ìyẹn ni a ń pè ní Ìfọ́lé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Kristian Ẹ̀gbá sá wá sí Èkó, Gómìnà Glover sì fún wọn ní ilẹ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́ta. Ìyà jẹ wọ́n, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọn kò pàdánù: àwọn tí wọ́n ti jọ ń sìn ni wọ́n tún jọ ń gbé. Wọ́n mọ ẹni tí ó dúró nígbà inúnibíni àti ẹni tí ó sẹ́.

Ní ọdún 1955, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìgbìmọ̀ tí a mọ̀ sí LEDB, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1928 nígbà àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri, bẹ̀rẹ̀ sí wó àwọn ilé àtijọ́ ní àárín Èkó, a sì ń kó àwọn ìdílé wá sí ilé titun ní Sùúrùlérè. Ọ̀mọ̀wé òyìnbó kan, Peter Marris, wádìí ọ̀rọ̀ náà, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1961. Ó rí i pé àwọn tí ń gbé agbo ilé kan pọ̀ ti fọ́n ká, àti pé àwọn oníṣòwò ti jìnnà sí àwọn oníbàárà wọn. Lẹ́yìn wọn ni àwọn mìíràn ń wọlé láti Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìbàdàn, Ìgbómìnà, àti láti ìhà kejì Odò Ọya. Báyìí ni Sùúrùlérè ṣe kún. Ilé ìsìn pẹ̀lú kún. Ṣùgbọ́n ìjókòó pọ̀ kì í ṣe ìmọ̀ra-ẹni.

Ní ìlú baba ẹni, bí a bá fẹ́ fi ènìyàn jẹ Mọ́gàjí, àwọn ará ilé mọ baba rẹ̀, wọ́n mọ ìyá rẹ̀, wọ́n mọ gbèsè tí ó jẹ àti ìjà tí ó parí. Ní ìlú ńlá, ènìyàn lè wọ inú ìjọ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún, kí ó ra àga ogún fún ìjọ nígbà Àjíǹde, kí a sì máa pè é ní Bàbá Ìjọ nígbà Ìkórè, láìsí ẹnìkan tí ó mọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Nígbà tí a kò mọ ìwà, owó ni a ó fi ojú wò, nítorí owó ni ó hàn.

Àìbi ìjọ pẹ̀lú ní ewu tirẹ̀, ó sì ti ṣẹlẹ̀ lójú wa ní Èkó. James Johnson, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Holy Johnson, jẹ́ àlùfáà ìjọ St. Paul's, Breadfruit, fún ọdún púpọ̀. Ní ọdún 1900 a fi í ṣe igbákejì bíṣọ́ọ̀bù fún apá Niger Delta. Àwọn ọmọ ìjọ kò fẹ́ kí a tètè gba ipò náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell sì fi ẹlòmíràn sípò. Ní oṣù Ọ́kítóbà ọdún 1901, ọ̀pọ̀ nínú ìjọ náà jáde, láti inú ìjáde yìí ni African Church sì ti wá, J. K. Coker wà lára àwọn aṣíwájú rẹ̀. Johnson fúnra rẹ̀ kò bá wọn lọ. Inú ìjọ Áńgílíkà ni ó wà títí ó fi kú ní ọdún 1917. Èmi kò dìde láti dájọ́ láàrin àwọn òkú. Ẹ̀kọ́ tí mo rí níbẹ̀ ni pé ìjọ tí ó mọ olùṣọ́ rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kì í gbà pé kí a máa ṣe ètò lórí òun bí ẹni pé kò mọ nǹkan kan.

Ní ọ̀nà wo ni a lè gbà mọ ara wa ní ìlú tí kò mọ ara rẹ̀? Àwọn baba wa nínú ìgbàgbọ́ ní ọ̀nà kan: kíláàsì. Ọ̀dọ̀ àwọn Mẹ́tọ́díìsì ni ó ti wá. Ní ọdún 1742, ìjọ John Wesley ní Bristol jẹ gbèsè lórí ilé ìsìn wọn. Ọkùnrin kan tí a ń pè ní Captain Foy dámọ̀ràn pé kí olúkúlùkù máa san kọ́bọ̀ kan lọ́sẹ̀. Nígbà tí a sọ pé àwọn tálákà kò lè san án, ó ní kí a fún òun ní mọ́kànlá nínú àwọn tí ó tòṣì jù lọ. Òun yóò máa bẹ̀ wọ́n wò, èyí tí wọn kò bá lè san, òun yóò san án mọ́ tòun. Gbígba owó ni wọ́n bá lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń wọ ilé, wọ́n ń rí bí àwọn ènìyàn ti ń gbé. Wesley rí i pé àwọn agbowó ti di olùṣọ́ àgùntàn.

Àwa náà gba kíláàsì, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ní ibi púpọ̀, a ti yí i padà. Olùṣọ́ ti di agbowó. Orúkọ ẹni tí ó jẹ gbèsè nìkan ni a mọ̀. Bí ó bá sì kú, a ó kọ́kọ́ wo káàdì rẹ̀ kí a tó wo ojú àwọn ọmọ rẹ̀ tí ń sunkún. Bí a bá fẹ́ ní alàgbà rere, ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ẹni tí ó ti mọ ilé méjìlá, tí àwọn ilé méjìlá náà sì mọ̀ ọ́n, kò tún jẹ́ àjèjì mọ́.

ẸKÀRÙN-ÚN: OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Mo mọ̀ pé ètò ìjọ yàtọ̀ síra. Nínú ìjọ Áńgílíkà, àṣà àtijọ́ ni pé kí àlùfáà yan warden kan, kí àwọn ọmọ ìjọ sì yan èkejì. Àwọn Onítẹ̀bọmi a máa yan díákónì ní ìpàdé ìjọ. Ìjọ Presbyterian, tí ó gúnlẹ̀ sí Kàlàbá ní ọdún 1846, a máa jẹ́ kí ọmọ ìjọ dìbò yan alàgbà, lẹ́yìn náà a ó yà wọ́n sọ́tọ̀ pẹ̀lú àdúrà. Nínú àwọn ìjọ Àpọ́sítélì, ọ̀rọ̀ alàgbà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Èmi kò wí pé kí ìjọ kan fi ètò rẹ̀ sílẹ̀. Ìmọ̀ràn márùn-ún tí mo ní wọ̀nyí lè wọ inú ètò èyíkéyìí.

Èkíní, kí ìjọ fi àkókò sí i. Kí a pinnu pé ẹni tí kò bá tíì lo ọdún mẹ́ta pẹ̀lú wa, bí ó ti wù kí ó jẹ́ ènìyàn ńlá tó níbi tí ó ti wá, a kò ní dárúkọ rẹ̀. Bí ó bá sì mú ìwé wá láti ìjọ tí ó ti kúrò, kí a kọ̀wé sí ìjọ náà, kí a sì dúró de èsì.

Èkejì, kí a fún un ní iṣẹ́ kékeré kí a tó fún un ní orúkọ ńlá. Kí ó máa bẹ aláìsàn wò ní ilé ìwòsàn. Kí ó bá wọn gbá ilé ìsìn ní ọjọ́ Sátidé. Ẹni tí kò lè ṣe iṣẹ́ tí a kò pàtẹ́wọ́ sí, ìpàtẹ́wọ́ ni yóò máa wá nígbà tí ó bá di alàgbà.

Ẹ̀kẹta, kí a kan ilẹ̀kùn mẹ́ta. Ilẹ̀kùn ilé rẹ̀: báwo ni ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀, àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti rí i? Ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́ rẹ̀: ṣé àwọn tí ó ń bá ṣòwò, Mùsùlùmí àti aláìgbàgbọ́ pẹ̀lú, gbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀? Ilẹ̀kùn ẹni tí ó tòṣì jù lọ nínú ìjọ: ṣé opó náà mọ orúkọ rẹ̀, ṣé òun náà sì mọ ti opó náà? Níbi yìí, kí a má ṣe gbàgbé àwọn ìyá. Ohunkóhun tí òfin ìjọ rẹ bá wí lórí bóyá obìnrin lè jẹ alàgbà, àwọn obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú ìjọ, ọ̀pọ̀ ohun tí ìgbìmọ̀ kò rí ni wọ́n sì ti rí. Pírísílà wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà Ọlọ́run yé Àpólò, Pọ́ọ̀lù sì fi Fébè lé ìjọ Róòmù lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ ìjọ Kéńkíríà. Ìjọ tí ó yan alàgbà láìbi àwọn ìyá léèrè ti di ojú rẹ̀ kan.

Ẹ̀kẹrin, kí a kéde rẹ̀. Bí ọkùnrin àti obìnrin bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ó ka orúkọ wọn ní ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta, kí ẹni tí ó bá mọ ìdí tí kò fi yẹ lè sọ ọ́. Bí a bá ń ṣe èyí fún ẹni tí ń gba aya kan, báwo ni a kò ṣe ní ṣe é fún ẹni tí ń gba agbo Ọlọ́run? Kí a ka orúkọ náà ní ìgbà mẹ́ta. Kí ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ lọ bá àlùfáà tàbí olùṣọ́ ní ìkọ̀kọ̀, kí ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà. Ìwé tí kò ní orúkọ, kí a sun ún.

Ẹ̀karùn-ún, kí a mọ ọ̀nà tí alàgbà ń gbà sọ̀kalẹ̀ kí ó tó gòkè. Pọ́ọ̀lù ní kí a má ṣe gba ẹ̀sùn sí alàgbà àfi lẹ́nu ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta. Ó sì ní kí a bá ẹni tí ó bá ṣẹ̀ wí ní gbangba. Ohun méjèèjì ni kí a pa mọ́. Àkọ́kọ́ ń gbà á lọ́wọ́ ọ̀tá, èkejì ń gba ìjọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti owó, kí alàgbà kan má ṣe dá gbé àpótí. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kó ọrẹ lọ sí Jerúsálẹ́mù, kò dá a gbé. Àwọn ìjọ yan arákùnrin kan láti bá a rìn, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ohun wí. Bí Pọ́ọ̀lù kò bá ka èyí sí ìwọ̀sí, ta ni yóò kà á sí?

ẸKẸFÀ: ÈSÌ FÚN ÀWỌN TÍ YÓÒ BÁ WA JIYÀN

Àwọn kan yóò wí pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, àti pé bí a kò bá fi olówó jẹ oyè, ta ni yóò parí ilé ìsìn? Èmi gbà pé kẹ̀kẹ́ ń fẹ́ táyà. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kì í mọ ọ̀nà. Ẹni tí ó gùn ún ni ó mọ̀ ọ́n. Kí a gba ẹ̀bùn ọlọ́rọ̀ pẹ̀lú ọpẹ́, kí a sì gbàdúrà fún un. Bí ó bá sì jẹ́ irú ènìyàn tí Captain Foy jẹ́, tí ó fi owó rẹ̀ wọ ilé tálákà, kí a yàn án tayọ̀tayọ̀. Ohun tí a kọ̀ ni pé kí ẹ̀bùn di iye tí a ń ta àga. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìdájọ́ òdodo: ìjọ púpọ̀ ni ó sọ ọlọ́rọ̀ di alàgbà nígbà tí òun kò bèèrè fún un, tí wọ́n sì pa ọkàn rẹ̀ lára. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ṣùgbọ́n ta ni ó gbé igbá náà ka iwájú rẹ̀?

Àwọn mìíràn yóò wí pé bí a bá ń wádìí báyìí, a kò ní rí ẹnikẹ́ni. Èyí kì í ṣe òótọ́. A ó rí wọn, ṣùgbọ́n wọn kì yóò jẹ́ àwọn tí a ti ń wò. Wọ́n lè jẹ́ tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì ní Àgùdà, tàbí aránṣọ kan ní Ìtirẹ́ tí kì í purọ́ ọjọ́ fún oníbàárà. Bí ó bá sì jẹ́ pé méjì péré ni a rí níbi tí a ń wá mẹ́fà, kí a yan méjì. Kò sí ibi tí Ìwé Mímọ́ ti pàṣẹ pé àga gbọ́dọ̀ kún.

Ìpín kẹta yóò wí pé ìwádìí ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹ̀yin ará, ìjà tí ó ṣáájú yíyàn ń parí nínú yàrá àlùfáà. Èyí tí ó tẹ̀lé yíyàn ń parí ní kóòtù. Ẹ mú èyí tí ẹ fẹ́.

Ẹ̀yin tí a ó pè láti dìbò láìpẹ́, nínú ìjọ yòówù tí ẹ bá wà, ohun kan ni mo bẹ̀ yín. Kí ẹ tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sórí ìwé, ẹ bi ara yín léèrè pé: Ṣé mo mọ̀ ọ́n, tàbí mo kàn rí i? Bí ó bá jẹ́ pé ẹ kàn rí i ni, ẹ má ṣe kọ ọ́. Ẹ lọ sí ilé rẹ̀ kí ẹ kí i. Bóyá ẹ ó rí alàgbà níbẹ̀. Bí ẹ kò bá sì rí alàgbà, ẹ ó rí arákùnrin, ìjọ kò sì ní pàdánù nǹkan kan.

Kí Olúwa, Olùṣọ́ Àgùntàn ńlá nì, tí ó mọ àwọn tirẹ̀ tí àwọn tirẹ̀ sì mọ̀ ọ́n, kọ́ wa láti mọ ara wa, kí ó sì fún àwọn ìjọ Sùúrùlérè ní àwọn alàgbà tí wọn kì yóò tijú níwájú rẹ̀ ní ọjọ́ ìfarahàn rẹ̀. Àmín.